Bàtà Lẹ́sẹ̀ Wòlíì

Ilé Àwọn Akọrin,
Ìjọ Etí Òkun,
Òkun-Ajah, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Ẹtì.

Olúwaṣíjibòmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà ní Oníru, kí oúnjẹ máa dùn lẹ́nu rẹ, kí oorun sì tún máa kùn ọ́ bó ti yẹ, nítorí mo gbọ́ pé láti ìgbà tí a ti sin Bàbá, wòlíì wa tó bí ọ, ni o kì í sùn dáadáa mọ́. Ara tèmi le. Ètè mi nìkan ló wú díẹ̀, fèrè tí mo fọn níbi ìsìnkú ló fà á. Ìwọ lo ní kí n fọn ọ́n títí ilẹ̀ yóò fi mì, mo sì fọn ọ́n.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ. Mo pè ọ́ títí lórí fóònù, o kò gbé e. Bí mo bá fi ránṣẹ́ sórí Wáásáàpù, wàá pa á rẹ́ kí o tó kà á dé ìdajì, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí gba kí èèyàn jókòó.

Ìròyìn ìjọ ni kí n kọ́kọ́ fún ọ, torí ẹ̀rín wà níbẹ̀. O rántí pé Mákánjúọlá, bíríkìlà tó ń mọ ògiri ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjọ wa, ló rí òkú Bàbá létí òkun láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tó sì figbe ta. Gbogbo wa sáré jáde. Bàbá dùbúlẹ̀ lórí iyanrìn nínú sùtánà funfun, ẹ̀yìn orí wọn ti fọ́, bàtà aláwọ tuntun sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ṣíjibòmí, bàtà! Wòlíì ìjọ aláṣọ funfun, nínú sùtánà, pẹ̀lú bàtà! Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà, ìbáà jẹ́ orí ẹ̀gún ló fẹ́ gbà kọjá. N kò rí ẹni tó wo orí tó fọ́. Ẹsẹ̀ ni gbogbo ìjọ ń wò.

Alàgbà Bọ̀sún, igbákejì Bàbá, ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, Bàbá ti ń tàn wá jẹ o! Wọ́n ti ń wọ bàtà ní kọ̀rọ̀!" Ni àwọn àgbà bá jókòó ìpàdé. Wọ́n jiyàn bóyá kí wọ́n sin òkú náà ni, tàbí kí wọ́n kọ́kọ́ bá a wí. Ìyá Ìjọ kan dábàá pé kí wọ́n dá Bàbá dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Ẹnì kan béèrè bóyá wọ́n lè dá òkú dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ro ìyẹn dáadáa. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò pé kí a gbààwẹ̀, kí a sì fi tùràrí lé ẹ̀mí bàtà jáde nínú ọgbà. Bí Bàbá ṣe kú kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, bí wọ́n ṣe múra kú ló dun ìjọ.

Àwọn ọlọ́pàá náà kò yọ ara wọn lẹ́nu. Mákánjúọlá ló rí òkú, Mákánjúọlá ló ní ṣọ́bìrì, ará Ìkìrun ni, kò sì mọ ẹni ńlá kankan ní Èkó. Wọ́n gbé e. Wọ́n ní ó pa Bàbá láti jà wọ́n lólè. Mo bi ọ̀gá wọn pé olè wo ló máa pa èèyàn tó máa wá fi bàtà tuntun sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá olórin, abẹ́g, lọ fọn fèrè ẹ jàre." Ìwọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. O bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, o ní kí wọ́n má fi ojú àánú wo ẹni tó pa bàbá rẹ.

Mo lọ wo Mákánjúọlá nínú àhámọ́. Wọ́n ti lù ú débi pé kò lè fìdí jókòó. Oúnjẹ tí Afusat ìyàwó rẹ̀ gbé wá fún un, àwọn ọlọ́pàá tó wà ní káńtà ti jẹ ẹ́, wọ́n tún ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹsẹ̀ lásán ló fi dúró lórí sìmẹ́ńtì tútù, torí gbogbo ẹni tó bá wọ ibẹ̀ ló ń bọ́ bàtà sẹ́yìn káńtà. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ti ní ó jẹ́wọ́. Ó bi mí pé, "Bọ̀dá, kí ni mo ṣe gan-an?" Inú bí mi débi pé n kò lè fọn fèrè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìdí tí mo fi mọ ohun tí mo mọ̀ nìyí. Kò sí àgbà tó fẹ́ fọwọ́ kan bàtà ẹ̀ṣẹ̀ náà. Èmi tí sòkòtò jíńsì wà lára mi, tí wọ́n ti kà sí ẹlẹ́ṣẹ̀ látilẹ̀, ni wọ́n ní kí n bọ́ ọ. Mo tẹ̀ ba. Àtẹ́lẹ̀ bàtà náà mọ́ tónítóní, kò ha níbì kankan. Bàbá kò fi í rìn dé etí òkun. Ẹnì kan ló wọ̀ ọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọn kò lè rìn mọ́. Olè kì í wọ bàtà fún òkú, bíbọ́ ló ń bọ́ ọ. Ọmọ ìjọ wa kò jẹ́ dán an wò. Ta ló wá kù?

Okùn bàtà ló dá mi lóhùn. Kókó mẹ́ta ló gun ara wọn lórí, bí ìgbà tí èèyàn so ewúrẹ́ mọ́ igi. Alàgbà ní kí n fi abẹ gé e, mo kọ̀, mo rọra fa bàtà náà yọ. Ọ̀rẹ́ mi, inú ọgbà ìjọ lèmi àti ìwọ dàgbà sí, Bàbá kò sì gbà kí ọmọ ọgbà wọ bàtà rárá, sùtánà ì báà wà lára rẹ̀, kó má sì sí. Àwọn ọmọ kíláàsì fi wá ṣẹ̀sín títí, o máa ń sunkún. Ìgbà tí bàtà fi máa dé ẹsẹ̀ rẹ, o ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń so okùn rẹ̀. Kókó mẹ́ta lo máa ń ta. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, èmi ni mo kúnlẹ̀ so ó fún ọ kí àwọn àna má baà rí i.

Mo mọ bàtà náà pẹ̀lú. Níbi Ìkórè èṣí, o gbé e fún Bàbá níwájú ìjọ, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ilẹ̀ mímọ́ ni mo dúró lé. Gbé bàtà ẹ lọ." Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín sínú fèrè, ó dún bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. O gbé e padà sínú bùútù mọ́tò rẹ, ojú rẹ pọ́n. Ó wà nínú fídíò Ìkórè, ṣùgbọ́n ojú àwọn ará wa kò mọ bàtà kan yàtọ̀ sí òmíràn.

Mo mọ̀ pé o fẹ́ kí Bàbá yọ̀ǹda ilẹ̀ ìjọ fún àwọn tó ń kọ́ ẹ̀sítéètì, mo mọ̀ pé wọ́n kọ̀. Bóyá o tì wọ́n ni, bóyá o lù wọ́n ni, ìwọ àti Ẹlẹ́dàá ló mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ṣubú, o padà sídìí mọ́tò, o gbé bàtà náà wá, o kúnlẹ̀ nínú iyanrìn, o wọ̀ ọ́ fún wọn. Bóyá àánú ni. Bóyá o kàn fẹ́ kí wọ́n gbà fún ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo rò ó títí mo fi sunkún. Ká ní o fi wọ́n sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ lásán ni, kò sí ẹni tí ì bá mọ̀ láéláé. Ohun rere kan ṣoṣo tí o ṣe fún bàbá rẹ lọ́jọ́ náà ló mú ọ.

Bàtà méjèèjì, pẹ̀lú kókó mẹ́ta-mẹ́ta wọn, ti wà lọ́wọ́ ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní Ìkẹjà. Fídíò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ó di ọjọ́ Ajé kí òun tó lè yọjú, kò sì mọ̀ pé mo ń kọ̀wé sí ọ. Mo fẹ́ kí o fẹsẹ̀ ara rẹ lọ lónìí. Má rò pé nítorí tìrẹ ni o. Òpin ọ̀sẹ̀ gùn lára ẹni tí wọ́n ń lù.

Afusat ló mú lẹ́tà yìí wá, òun ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì síkúrítì ní géètì rẹ. Mo ní kó dúró gba èsì. Kò mọ ohun tó wà nínú ìwé náà. Mo kàn sọ fún un pé aláàánú èèyàn ni ọ́, pé o máa ń wọ bàtà fún ẹni tí kò bẹ̀ ọ́.

Kí Ọlọ́run tó gba Bàbá gba ìwọ náà. Kí àwọn ọmọ rẹ fẹ́ràn rẹ ju bí o ṣe fẹ́ràn bàbá rẹ lọ. Kí o pẹ́ láyé, kí o gbó, kí o tọ́, níbikíbi tí wọ́n bá fi ọ́ sí. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, tó so okùn bàtà fún ọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó,
Akínwùmí Olófèrè.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú lórí bàtà tí o máa wọ̀ lọ. Ẹ̀yìn káńtà náà ni o máa bọ́ ọ sí. Bí sìmẹ́ńtì yẹn bá kàn ọ́ lẹ́sẹ̀, bá mi kí Bàbá, kí o sì sọ fún wọn pé àwọn ló borí lórí ọ̀rọ̀ bàtà.