Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Onísàléńsà, Ẹni Tí Etí Rẹ̀ Kò Tàn Án Jẹ

A bí olóògbé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọdún 1945, nínú yàrá kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni gbajúmọ̀ ajórin tó ń jó bọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá lu. Ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ fún aráàlú, orin kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí ọmọ náà dé, kò kọ́kọ́ ké, ó ń gbọ́ òòlù bàbá rẹ̀ ni. Ìgbà tí òòlù dákẹ́ ló tó figbe ta.

Ó wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1952, ó sì parí rẹ̀ ní 1958. Ìṣirò kò bá a lára mu, àmọ́ tíṣà orin fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Ní 1960 ó lọ kọ́ṣẹ́ sàléńsà, ìyẹn páìpù tí ọkọ̀ fi ń mí. Ní 1968 ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Ní 1971 ó gbé ìyàwó. Ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ láàárín ẹgbẹ́ akọrin, ó ní ìyẹn ti tó òun, kò dìgbà tí òun bá rí ojú. Irọ́ ni o, ó wò ó dáadáa!

Ẹ bi gbogbo oníbàárà rẹ̀. Kò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ àfi tí ẹni tó ni ín bá kọ́kọ́ fi ẹnu ké ohùn tí ọkọ̀ ń ké nígbà tí ara rẹ̀ yá. Adájọ́ ké e. Àlùfáà ké e. Lẹ́yìn náà ni yóò wọlé sábẹ́ ọkọ̀, tí yóò gbé etí lé irin, tí yóò sì sọ ibi tó ti lu kó tó fojú rí i.

Ní 2017, nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìléláàdọ́rin, dókítà eyín kan gbé ọkọ̀ asáré pupa wá. Ọkọ̀ tó máa ń bú bí ẹkùn wá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó jẹ gbèsè. Dókítà gbé àpò sílẹ̀, ó ké e: “Wúúù-gbràà! Pa-pa-pa!” Bàbá wá a títí, kò gbọ́ ibi tó lu. Ló bá gé sàléńsà náà sí méjì. Inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ó wọlé, kò jẹun. “Ìyá àwọn ọmọ, etí mi ti lọ. Lọ́la, màá ti ṣọ́ọ̀bù pa.”

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Etí tó gbọ́ pé mo ń ṣí ìkòkò láti ojúde, òun ló lọ?” Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

Àbíkẹ́yìn wọn obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí Bàbá máa ń pè ní Atẹbọ́tìnnì, ló wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá dókítà náà níbẹ̀. Ó ki wáyà bọ abẹ́ sítíárìn, ó sì bèèrè pé, “Mà, ìgbà wo ni kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ yín gba àtúnṣe tuntun gbẹ̀yìn?”

Dókítà ní, “Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó hàn lójú gíláàsì inú ọkọ̀ pé kí n gbà á, mo sì tẹ ‘bẹ́ẹ̀ ni’.”

Ọmọ náà wá ṣàlàyé. Ìlẹ̀kùn kékeré kan wà nínú páìpù irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń ṣí i, òun náà ló ń tì í. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti fi àṣẹ tuntun ránṣẹ́ gba ojú afẹ́fẹ́, pé kí ìlẹ̀kùn náà máa wà ní títì láàárín ìlú, àfi tí awakọ̀ bá yàn fúnra rẹ̀ pé kó ṣí. Ọmọ náà tẹ bọ́tìnnì, ó yàn án. Ọkọ̀ bú gbràmù! Ẹyẹ fò lórí páànù.

Bàbá di orí mú. “Irin ò ṣẹ̀! Mo gé aláìṣẹ̀ sí méjì!” Ó fọwọ́ ara rẹ̀ jó sàléńsà àkọ́kọ́ náà padà, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ dókítà, ó sì kọrin tí a ń kọ nílé títí dòní:

Etí mi ò kú, etí mi ò kú o,
Ọmọ mi ló rí ohun tí mi ò rí,
Etí mi ò kú.

Kò ti ṣọ́ọ̀bù pa mọ́. Ó pín in sí méjì, ó fún ọmọ ní apá tí oòrùn ń wọ̀. Ọdún méje ni wọ́n fi jọ ṣiṣẹ́, ọmọ á yẹ kọ̀ǹpútà wò, bàbá á yẹ irin wò. Díákónì ni Bàbá nínú ìjọ. Ọ̀fẹ́ ló ń tún ọkọ̀ iléèwé àwọn adití ṣe, ó ní àwọn ọmọ náà ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ó sùn nínú Olúwa ní oṣù kejì ọdún 2025, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ìyàwó, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti ọmọ ọmọ-ọmọ kan ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, Atẹbọ́tìnnì yóò ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́jọ. Ọkọ̀ mẹ́ta ti wà nílẹ̀. Olówó orí ìyá àwọn ọmọ, sùn, má ta gìrì. Iṣẹ́ ń lọ.