Mo Ní Mo Ti Dán An Wò

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ìránṣọ o. Ara mi le, mo tilẹ̀ sanra díẹ̀.

Ẹ ní ẹ ti lẹ ìwé tó ní orúkọ mi mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ ń fi yangàn fún àwọn oníbàárà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́, kí ògiri má baà bàjẹ́.

Rárá, ọ̀rọ̀ ògiri kọ́. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pín lò. Ṣíìpù tuntun kan wà tó ń ti ìpín kálukú pa, débi pé ẹni tó ni kọ̀ǹpútà gan-an kò ní lè yọjú wo inú rẹ̀. Èmi ni mo kọ apá kánẹ́ẹ̀lì, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí yóò máa lo ṣíìpù náà. Ọ̀gá wa obìnrin bi mí pé, "Ṣé o ti dán an wò lórí ẹ̀rọ gidi?"

"Mo ti dán an wò, mà."

N kò dán an wò. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ní ṣíìpù náà wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ wa tó wà ní àjà òkè, ojú sì ń tì mí láti lọ tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

Iṣẹ́ náà jáde, kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn ò tàn mọ́. Ọ̀gá ní kí n mú èsì ìdánwò wá. Mo jẹ́wọ́ pé kò sí. Ọ̀gá ò pariwo. Ó yọ iṣẹ́ náà kúrò, ó sì kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́ orúkọ mi, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á; òun gan-an ni ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn.

Wọn ò lé mi o! Lẹ́tà àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ wa ni mo ń dáhùn báyìí, mo sì ń tètè délé.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Tí màmá bá béèrè mi, ẹ ní mo kí wọn gan-an ni.

Àbúrò yín.