Bọ́tìnnì Pupa Inú Abọ́ Ìyá Eléegun

                                        Yàrá Ẹ̀yìn,
                                        Ilé Atúnbàtàṣe.
                                        Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹfà.

Adúmáadán, ọ̀rẹ́ àtọmọdé mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara màmá ti mókun, àbí ẹsẹ̀ ṣì ń dùn wọ́n? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń rá? Ara tèmi le. Ọkàn ni mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀.

O rántí aránṣọ òdìkejì títì tó ní òun á kọ́ mi níṣẹ́? Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Máa lọ, ìyàwó mi. Ta ló kọ ohun tó dáa?" Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun. Àfi bó ṣe ní ká kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Ìyá Eléegun tó ń fi eegun ẹran wo ọ̀rọ̀ fáwọn èèyàn, kí ọkàn màmá òun lè balẹ̀.

Abọ́ pákó kan ni obìnrin náà ní. Eegun ewúrẹ́ ló wà nínú ẹ̀, àti kọ́kọ́rọ́ tó ti dípẹtà, ìkarawun, ìdérí ìgò. Ẹni tó bá wá wádìí ọ̀rọ̀ á fi ohun kékeré kan tiẹ̀ kún un, kí eegun lè mọ̀ ọ́n. Mo ti ń tú yẹtí mi, kò tiẹ̀ dúró dè mí. Ó gbọn abọ́, ó dà á sórí ẹní, ó ní, "Ìyàwó, abẹ́rẹ́ ò bá ọ lára mu. Jókòó sílé ọkọ ẹ." Omi bọ́ lójú mi, mo sì gbà.

Ibi tí mo tẹrí ba sí ni mo ti rí bọ́tìnnì pupa lẹ́bàá eegun. Èyí tí o fọwọ́ ara ẹ rán mọ́ búláòsì aláwọ̀ ewé mi ni, tí a fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ó dà bí ata lórí ewé. Ó ti sọnù láti bí ọjọ́ mélòó kan. Ọkọ mi gan-an ló bá mi tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo rọra béèrè ẹni tó ni ín lọ́wọ́ Ìyá Eléegun.

"Tìẹ ni. Ọkọ ẹ ló mú un wá lọ́jọ́sí, tó ní òun ò fẹ́ kí o máa jáde níṣẹ́. Ṣé kò sọ fún ọ ni?"

Ni ọkọ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ká ní ó sọ pé rárá fún mi lójú korojú, ǹ bá sunkún, ǹ bá gbà. Ṣùgbọ́n kó lọ rán eegun ẹran sí mi, àwa tí a jọ ń fi ìrọ̀rí kan sùn. Bí tilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo ti ń rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni.

Mo mú bọ́tìnnì mi. Láàárọ̀ yìí mo rán an padà, mo wọ búláòsì náà, mo gbé oúnjẹ fún ọkọ mi. Ó wo àyà mi, ó wo ilẹ̀. Kò béèrè ibi tí mò ń lọ. Mi ò bá a jà. Mo ṣì ń retí pé á fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún mi.

Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Ọ̀gá mi ní bọ́tìnnì náà ò bá aṣọ mu, pé àwọn á fún mi ní aláwọ̀ ewé. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí màmá, kí o gbé ọmọ jó fún mi.

                                        Èmi tí mo ṣì fọkàn tán ọ,
                                        Onítìjú.