Abọ́ Tó Ń Bọ̀ Lófìfo

                                        Ilé Olóògbé Àlájì Sàláwù,
                                        Àdúgbò Kókó,
                                        Bouaké, Côte d'Ivoire.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 2006.

Ìyá Mọ́ṣúdù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àsàláámù àléékùm. Mo kí ọ kú ọ̀gbẹlẹ̀, mo kí ọ kú ilé, mo kí ọ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o forí kanlẹ̀ kírun? Mọ́ṣúdù ńkọ́, ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Bí o bá wo ìwé yìí dáadáa, wàá rí i pé kì í ṣe ọwọ́ ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Ọwọ́ èmi Sèlíátù ni. Ó di ọdún méjì tí àwa ìyá arúgbó méjìlá ti ń kọ́ ìwé nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Àìkú. Oṣùọlálé télọ̀ ni tíṣà wa. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kọ́ ni mo pa rẹ́ nínú ìwé yìí kí ó tó rí bó ṣe rí, nítorí náà, má jẹ́ kí Mọ́ṣúdù fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí n ka àwọn ohun ayọ̀ ilé fún ọ ná. Mounira, ọmọ Ṣàkírù, bí ọkùnrin lóṣù Kìíní. Roqeeb ni wọ́n sọ ọ́, orí rẹ̀ sì dà bí orí Àlájì ọkọ mi, ó gùn sẹ́yìn. Mo ti wá di ẹni tó rí ọmọ ọmọ ọmọ, ẹ bá mi dúpẹ́. Sèfíyátù, ọmọ àbúrò ọkọ mi, bí ìbejì, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Malick, ẹ̀gbọ́n Mounira, sì gbéyàwó lẹ́yìn Iléyá. Aïcha lorúkọ ìyàwó náà. Ọmọ wa ni, Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Anago níbí bíi tiwa, ṣùgbọ́n Mamini ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, bàbá rẹ̀ tó ń ta aṣọ níbẹ̀ ló dá tọ́ ọ dàgbà. Ilé wọn nìkan ni ilé Yorùbá nílùú náà. Ó kàwé Faransé dáadáa, ó wà lára àwọn tó ń kọ́ ọmọ níwèé lófẹ̀ẹ́ níbí láti ìgbà tí àwọn tíṣà ìjọba ti sá ogun lọ. Ara rẹ̀ yá mọ́ni, ó mọ ọbẹ̀ ẹ̀pà sè, kì í sì í ráhùn. Mo ń yìn ín ṣáájú nítorí pé òun ló dá ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí o kórìíra ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀rọ̀ abọ́ rẹ ni, abọ́ tánńganran aláwọ̀ ewé yẹn, tó ní òdòdó pupa lórí ọmọrí. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ Lùkmọ́nù oníbàtà. Ó ń bọ̀ lófìfo. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì bínú, ka ìwé yìí tán.

Ṣé o rántí ọjọ́ Àlàrùbá tó ṣáájú ogun? O se ẹ̀kuru lọ́jọ́ náà, o gbé e wá fúnra rẹ lẹ́yìn Àsárì, abọ́ náà kún dé ẹnu, ata díndín wà nínú ọ̀rá lókè. A jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi pe Màgíríbì. Kí ilẹ̀ Àlàmísì tó mọ́ dáadáa, ìbọn ti gba ìgboro. Ẹni mẹ́sàn-án ni wá nínú yàrá kan, a sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè jáde lọ dáná. Ẹ̀kuru rẹ la jẹ fún ọjọ́ méjì. Mo ń bù ú fún wọn bí ẹni ń bu oògùn. Kò sóúnjẹ tí mo jẹ láyé mi tó dùn tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti fẹ́ẹ́ kan nígbà tó máa fi tán.

Nígbà tí ìbọn rọlẹ̀, mo fọ abọ́ náà. Mo ní bí mo bá ti rí ẹ̀wà rà, ọ̀ọ̀lẹ̀ ni màá fi dá a padà. Ẹ̀wà ò sí. Ọjà gan-an ò sí. Ibẹ̀ la wà tí o fi wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, Mọ́ṣúdù ru ẹrù lẹ́yìn rẹ. O ní, “Sèlí, dìde ká lọ. Kí lo ń ṣọ́?” Mo ní mi ò lè fi sàréè Àlájì sílẹ̀. O ní, “Ta ló sọ fún ọ pé òkú ń bẹ̀rù ìbọn? Òkú lo yàn, o fi alààyè sílẹ̀.” Inú bí mi. Mo ní, “Ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ bá yá, kó máa sá lọ. Ilé mi kì í ṣe ibùdókọ̀.” O yí padà, o lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnu àwọn arìnrìn-àjò la fi ń kí ara wa, “ẹ bá mi kí i,” kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́ta ààbọ̀.

Mo fi aṣọ wé abọ́ náà, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ọdún 1958 tí a ti jọ dé ìlú yìí, abọ́ kan ò tíì ti ilé mi wọ ilé rẹ lófìfo. Bí kò sóúnjẹ, a ó bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Bí kò síyọ̀, a ó fi ìṣáná sí i. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni pé mo rántí obìnrin aláṣọ tí ẹ jọ ń tajà ní àdúgbò Commerce. Ìwọ fúnra rẹ lo dá àwo rẹ̀ padà lófìfo lọ́jọ́ tí ẹ jà, ó sì yé e. Ẹ ò kí ara yín mọ́ títí obìnrin náà fi kú.

Wò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Àlàmísì ọ̀sẹ̀ yìí, mo lọ ra ìrù lọ́jà. Nígbà tí mo dé, Aïcha ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣe mí lóore ńlá. Ó ní, “Ìyá, mo ti bá yín mú iṣẹ́ kan kúrò nílẹ̀. Bàbá oníbàtà ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti fi abọ́ Ìyá Mọ́ṣúdù rán an. Ó ti pẹ́ jù lọ́wọ́ wa, ó jẹ́ ohun ìtìjú.”

Mo ní, “Kí lo fi sínú rẹ̀?”

Ó ní, “Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ o, Ìyá! Mo fi ọṣẹ àti eérú fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá wò ó, ẹ ó rí ojú yín níbẹ̀.”

Mo ju ìrù sílẹ̀. Mo jáde. Èmi tí mi ò gun alùpùpù rí láyé mi, mo gun alùpùpù akérò lọ sí ibùdókọ̀, mo dì mọ́ ọmọ tó ń wà á bí ẹni tó fẹ́ fún un pa. Ọkọ̀ Lùkmọ́nù ti lọ. A lé e dé bàráàjì tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti na okùn dí títì. Ọ̀kan nínú wọn bi mí lédè Dioula pé, “Mama Anago, ta ló jà ọ́ lólè? Ṣé góòlù ni?” Mo ní abọ́ ni. Ó ní, “Kí ló wà nínú rẹ̀?” Mo ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ gan-an nìyẹn. Ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní, “Bu omi fún Mama, oòrùn ti mú un.” Wọ́n fún mi lómi lóòótọ́, mo mu ún, mo padà sílé.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Aïcha, ó sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí kò jẹun alẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun rí. Mo rò ó, òdodo ni. Ta ni yóò sọ fún un ní Mamini? Inú ilé tí obìnrin ò sí, tí aládùúgbò Yorùbá ò sí, báwo ni ọmọ yóò ṣe rí i pé abọ́ ń lọ, abọ́ ń bọ̀? Ohun tí ojú kò rí, ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n ṣe.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Jímọ̀, mo pè é wọ ilé ìdáná. Mo ní ká se ègbo àti ẹ̀wà. A ti rẹ àgbàdo láti alẹ́. Ó lóun fẹ́ fi gáàsì sè é kó lè yá, mo ní kí ó jẹ́ ká fi èédú sè é, nítorí ègbo kò fẹ́ ìkánjú. Bí ó ti ń hó lọ́wọ́ ni mo ń sọ ìtàn wa fún un. Mo sọ bí a ṣe wọ ọkọ̀ ojúurin láti Abidjan, ìyàwó tuntun méjì tí kò gbọ́ èdè kankan, àti bí àwọn ọkọ wa ṣe lọ sọ́jà tí wọ́n fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú ebi. Ṣé o rántí? A rí obìnrin tó ń ta àtíẹ́kẹ́, ẹ̀gẹ́ lílọ̀ tí wọ́n ti fi ooru sè, ìwọ lo pariwo pé, “Sèlí, gààrí rè é!” A da omi tútù lé e lórí, a fi ṣúgà sí i, a dúró kí ó rin. Ó sì rin lóòótọ́, ó di ohun tí ajá kò lè jẹ. Ìyá ọmọ ẹ̀yà Baoulé tó ni ilé tí a wọ̀ sí rí wa níbi tí a ti ń fi ṣíbí gbá a kiri, ó rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú nídìí rẹ̀. Ó bu ẹja yíyan àti ata fún wa, ó nawọ́ sí àwo, ó nawọ́ sí ẹnu. Nígbà tí a jẹ tán, ìwọ lo sọ pé a kò gbọ́dọ̀ dá àwo obìnrin yẹn padà lásán. A kò ní nǹkan kan. Obì méjì tí ìyá rẹ dì fún ọ nínú gèlè lo fi sínú rẹ̀. Ó dà bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀. Gbogbo nǹkan tí mo mọ̀ nípa ká gbé pẹ̀lú èèyàn, ọwọ́ rẹ ni mo ti kọ́ ọ, èmi ni mo wá fi ilé mi ṣe ohun àfi-gbéraga sí ọ.

Ègbo jinná. Mo ní kí Aïcha bù ú sínú abọ́, kó gbé e fún ìyá Baoulé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kò pẹ́, abọ́ padà dé pẹ̀lú máńgòrò mẹ́rin, àkọ́so ọdún yìí, òórùn wọn gba ilé. Aïcha wò ó, ó ní, “Ìyá, ní báyìí, ṣé a tún gbọ́dọ̀ fún wọn ní nǹkan mìíràn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Wọ́n á sì tún fún wa?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Kò wá ní tán nìyẹn?” Mo ní, “Kò ní tán. Ìdí tí a fi ń ṣe é nìyẹn.” Ẹ̀rín pa á, èmi náà sì rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́ láti Àlàmísì.

Ìlú wà níbi tó wà. Iná ń tàn, omi ń yọ, kò sì sẹ́ni tó ń gbé ìwé owó iná wá láti ìgbà ogun. Bí ìjọba bá padà dé, Ọlọ́run ló mọ ohun tí wọ́n máa ní ká san. Ọ̀pọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ní Zone industrielle ṣì wà ní títì. Ṣùgbọ́n a ń jẹun. Lọ́jọ́ Ajé a jẹ iṣu àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Lọ́jọ́ Àlàrùbá mo din àkàrà, epo náà dára, àkàrà wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ Mounira. Gbogbo ìgbà tí mo bá din àkàrà, mo máa ń yọ márùn-ún àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ láìmọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí o bá ń bọ̀. Àwọn ọmọ ti mọ̀, wọn kì í fọwọ́ kàn án títí mo fi máa sọ pé ó yá, ẹ jẹ ẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi, ọdún mẹ́ta ààbọ̀ kọ́ ni mo fi wá ẹ̀wà. Ẹ̀wà ti padà sọ́jà tipẹ́. Ohun tí mi ò rí ni ẹnu tí màá fi sọ pé mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ sí ọ. Abọ́ náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nítorí pé ọjọ́ tí mo bá dá a padà, mo gbọ́dọ̀ bá ọ sọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rù ni ó jẹ́ kí o sọ ohun tí o sọ, ìbẹ̀rù ló jẹ́ kí èmi náà fèsì bí mo ṣe fèsì. Ahọ́n àti eyín ń jà, inú ẹnu kan náà ni wọ́n ń sùn. Dárí jì mí. Bí abọ́ náà bá dé, má kà á sí èsì mi. Èsì mi ni ìwé yìí.

Aboubacar, ọmọ àbúrò mi, ni mo fi ìwé yìí rán sí ọ. Ọ̀la ló ń gbéra, ọ̀nà Abidjan ló ń gbà, kò sì ní dúró níbì kan. Lùkmọ́nù gba Wagadúgù, yóò sì lo ọjọ́ mẹ́wàá lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ní Parakú. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, ìwé yìí yóò ṣáájú abọ́ wọlé rẹ.

Bá mi kí Mọ́ṣúdù, sọ fún un pé mo ti lè ka orúkọ rẹ̀ báyìí. Kí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Kí gbogbo ẹbí, kí àwọn tó bá ṣì rántí mi lágbo ilé wa. Ṣàkírù kí ọ, Malick kí ọ. Aïcha kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́.

Owó kan wà nínú ìwé yìí, mo fi ọ̀rá wé e. Kì í ṣe owó oògùn orúnkún o, má fi ra oògùn. Bí abọ́ bá ti dé, kí o se ohun tó bá wù ọ́ jù lọ láyé, kí o bù ú sínú rẹ̀ títí ọmọrí kò fi ní í lè dé e, kí o sì jẹ ẹ́ bí ẹni pé èmi ni mo gbé e wọlé lẹ́yìn Àsárì. Bí o bá jẹ ẹ́, mo ti dá abọ́ rẹ padà nìyẹn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fránkì ni.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ láti inú ọkọ̀ ojúurin,

Sèlíátù, Ìyá Ṣàkírù.