Ojú Yín Ni Àbẹ̀kẹ́ Ń Wò

Ìyá mi àtàtà, ẹni tí mo ń pè tí kò dáhùn mọ́,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Ká ní ọkàn mi balẹ̀ ni, ǹ bá kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà yín bí ọmọ gidi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹkún tó gbà á lẹ́nu mi: wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́ kò lè sọ̀rọ̀. Àbẹ̀kẹ́ yín o! Ọmọ tí ẹ fọwọ́ ara yín tọ́ ní Ẹ̀sìẹ́ níbí, tí ẹ máa ń bẹ̀ pé kó fún etí yín nísinmi kí ẹ lè gbàdúrà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lọ. Wọ́n fẹ́ mú un lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀, ní ìlú òkèèrè, ibi tí wọ́n ti máa ń sùn, tó jẹ́ pé ìgbà ọlidé nìkan ni màá máa rí i.

Ẹ gbà mí o, Ìyá. Ta ni mo fẹ́ sá bá?

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti já a lẹ́nu ọmú ló ti wà lọ́dọ̀ yín, nítorí iṣẹ́ aránṣọ tí mò ń ṣe ní Ìlọrin. Lẹ́yìn ìsìnkú yín ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ èmi àti bàbá rẹ̀, a sì fi í sí ilé ìwé kan tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Bí tíṣà bá bi í ní nǹkan, á wo tíṣà, á wo ilẹ̀, kò ní fọhùn. Bó bá wá délé, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló ń kọ́ níwèé. Á ní kí ẹ̀rọ dìde, kó ka ABD, á tún bá a wí pé kò pariwo tó. Èwo nínú àwọn ọ̀gá ilé ìwé ló wà níbẹ̀ láti rí ìyẹn? Wọ́n kàn ní ká mú un lọ sí ọsibítù, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé sí Kwara wa, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dán ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọdé wò.

Obìnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. N kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín sí ọmọ, ó fún un ní àga kékeré, ó sì gbé páálí àwòrán kan kalẹ̀. Ìyá, ẹ bá rí àwòrán! Ọkùnrin kan wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù, nǹkan funfun bo gbogbo ilẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń fi ṣọ́bìrì kó o. Èmi àgbàlagbà, mo rò pé láfún ló dà sílẹ̀ fún un. Yìnyín ni, wọ́n ní. Níbo ni Àbẹ̀kẹ́ ti fẹ́ rí yìnyín tí èèyàn ń fi ṣọ́bìrì kó? Ọmọ tó jẹ́ pé bí ẹ bá já ewé iṣu àti ewé èsúrú wá fún un, á sọ èwo ni èwo, á tún sọ oko ẹni tí ẹ ti já a. Kò sí èsúrú nínú páálí yẹn.

Ṣùgbọ́n àwòrán kọ́ ló pa wá. Nígbà tí obìnrin náà rí i pé ọmọ kò dáhùn, ó kó àwòrán tì, ó ní kí àwọn kàn jọ sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Ó bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀. Ó bi í pé kí ni wọ́n máa ń sè nílé rẹ̀. Ó bi í pé kí ni orúkọ ìyá rẹ̀.

Háà, Ìyá! Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ irú ìbéèrè yẹn? Ọmọ tí ẹ kọ́ pé ohun tí a jẹ nílé kì í dé ìta, pé ọmọ tó bá ń ròyìn ìkòkò ìyá rẹ̀ fún àlejò, ìyá rẹ̀ ló ń tú síhòòhò. Ọmọ tí kò forúkọ pe àgbà rí láyé rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ṣe ohun tí ẹ kọ́ ọ. Ó yíjú sí mi, ó ń wo ojú mi.

Wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi kí a tó wọlé pé n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, n kò gbọdọ̀ mi orí, n kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú sí i, nítorí pé ìyá tó bá ran ọmọ lọ́wọ́ ti ba ìdánwò jẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo dojú bolẹ̀.

Ẹ mọ ohun tí ìyẹn ń jẹ́ nínú ilé yín. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí àlejò bá fún wa ní ẹran, ojú yín la máa ń kọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá wò wá padà, a ó kúnlẹ̀, a ó gbà á. Bí ẹ bá dojú bolẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, a ó ní a ti yó, bí ebi tilẹ̀ ń pa wá kú lọ. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe tọ́ mi, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe tọ́ Àbẹ̀kẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́. Gbogbo ìbéèrè tí obìnrin yẹn bi í, ojú mi ló ń wò, èmi náà sì ń wo bàtà mi. Àṣé èmi ni mo ń pa á lẹ́nu mọ́.

Inú bọ́ọ̀sì ni ó ti yé mi. Ó fara mọ́ mi, ó fi ẹnu sí mi létí, ó bi mí bóyá òun ṣe dáadáa. Ó ní òun kò sọ nǹkan kan fún àlejò yẹn, kódà òun kò sọ pé ẹ̀bà àná la jẹ. Mo sunkún débi pé àwọn èrò ọkọ̀ ń kí mi kú aráfẹ́rakù.

Mo padà lọ bá obìnrin náà, mo ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ó gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo ọmọ nìyẹn, pé bí òun bá yí i nítorí ọmọ mi, kì í ṣe ìdánwò mọ́. Ó gbà láti dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ọjọ́ Ajé, ìyẹn ọ̀la. Bó bá tún dákẹ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ní ká gba kámú, pé àwọn tó kàwé mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Mo bi í: kí gan-an ni wọ́n wọ̀n? Ṣé ẹnu ọmọ ni, àbí ẹ̀kọ́ ilé? Ó gbé rédíò rẹ̀, ó bọ́ síta.

Ìyá, mo rántí ọjọ́ tí ẹ mú mi lọ sílé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kálukú fẹ́ kí ọmọ òun kàwé. Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí n fi kan etí òsì. Ọwọ́ mi kúrú, kò tó o. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, n kò tíì tó ọmọ ilé ìwé. Ẹ dúró níwájú ọ̀gá wọn, erùpẹ̀ oko ṣì wà lára ìró yín, ẹ bi í pé ṣé ọwọ́ ni yóò kàwé ni àbí orí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gbà mí. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ẹnu yẹn yá lónìí? Ẹ ti gbé e lọ.

Láti ọjọ́ tí mo ti padà lọ bá obìnrin ọsibítù yẹn ni mo ti ń bẹ Àbẹ̀kẹ́. Mo ní bí a bá tún débẹ̀, kó sọ gbogbo rẹ̀, kó sọ ẹ̀bà, kó sọ orúkọ mi, kó má wojú mi rárá. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ jalè. Ó wá bi mí pé ṣé Ìyá Àgbà ti gbọ́, ṣé wọ́n gbà.

Pásítọ̀ wa á ní òkú kò gbọ́ràn. Mo mọ̀. N kò rí ọ̀nà mìíràn ni. Lánàá, mo dì í mú, a wọ mọ́tò Òmù-Àrán, a sì wọ káà láti ibẹ̀ wá sí Ẹ̀sìẹ́. Orí bẹ́ẹ̀dì yín ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí.

Lẹ́yìn ìsìn àárọ̀ yìí, mo mú un lọ sẹ́yìn ilé, síbi sàréè yín tí a fi sìmẹ́ǹtì ṣe. A kúnlẹ̀. Mo ro gbogbo ẹjọ́ náà sókè. Àbẹ̀kẹ́ tẹjú mọ́ sìmẹ́ǹtì. Ó wá bi mí pé, nísàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn, ṣé Ìyá Àgbà ń wo àwọn ni, àbí wọ́n dojú bolẹ̀?

Mo rántí ọjọ́ tí a tẹ́ yín. Èmi ni mo rán aṣọ funfun yẹn, èmi ni mo tún gèlè yín ṣe kí wọ́n tó dé pósí. Mo sọ fún un pé mo wà níbẹ̀, pé mo fojú ara mi rí i: a kò dojú Ìyá Àgbà bolẹ̀. Òkè ni wọ́n kọjú sí. Òkè ni wọ́n ṣì ń wò.

Ó gbọn erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀, ó ní ká máa lọ. N kò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́. Ọ̀la, àga kékeré yẹn á wà níbẹ̀, èmi á sì tún dojú bolẹ̀, nítorí òfin wọn ni. Ọmọ á máa wá ojú tí yóò wò ó padà. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá mi, bí ẹ kò bá ní ṣe nǹkan kan fún mi mọ́, ẹ má ṣẹ́jú lọ́la. Ẹ wò ó.

Èmi ni, ọmọ tí ẹ fẹ́ràn, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó etí.