Àga Àjàyí Aláwàdà

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bọ̀dá Obed,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù ọ̀hún. A ti wa iṣu tuntun nílé, Ṣẹ́gun àbúrò wa sì ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì níbí ní Ìlá.

Ẹ ó ti gbọ́ pé Àjàyí aláwàdà kú. Ẹ rántí bó ṣe máa ń jókòó sórí àga ṣeré nígbà ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú ṣe yẹ̀yẹ́, tí Màmá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Àṣé àrùn kíndìnrín ló ń bá a fínra láti ọdún mẹ́ta, kò sì sọ fún ẹnì kankan!

Bọ̀dá, ìlú yẹ́ ẹ sí lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà gbé èrò wá láti Ìgbájọ àti Iresi lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n gbé àga rẹ̀ síwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa sì tò kọjá, à ń fọwọ́ kàn án, à ń tọrọ àforíjì pé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún la fi rẹ́rìn-ín. Orí mi wú fún àwọn èèyàn wa.

Nígbà tí a délé, Màmá pè mí. Láti oṣù kẹrin ni dókítà ti rí kókó nínú ọmú wọn, àmọ́ Màmá ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sọ fún yín, kí ọkàn yín má bàa dàrú lájò. Wọ́n ní, "Tinúadé, kọ ọ́ sí Obed. Mi ò fẹ́ kó wá máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àga."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ bá wọn lẹ́rìn-ín.

Àbúrò yín,
Tinúadé