Alternateur tí Mùíz Ṣàdúrà Sí

Koumassi Remblais,
Abidjan.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá.

Sìrájù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo ará Ìgbòho tó bá béèrè mi. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ sì ti fúyẹ́. Àwa náà wà láàyè níbí, a dúpẹ́ fún Ọlọ́run. Ara mi le, inú mi ni kò dùn.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o rán sí mi lórí fóònù. Wọ́n sọ fún ọ pé mo bú Mùíz, ọmọ Kàdíjátù àbúrò rẹ, lójú àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ Ìgbòho, àti pé mo lọ ra ọjà lọ́wọ́ àjèjì nígbà tí ọmọ ìlú wà. Òótọ́ ni mo ra ọjà lọ́wọ́ àjèjì. Mo fẹ́ kí o gbọ́ bó ṣe jẹ́ lẹ́nu èmi gan-an, nítorí ọ̀rọ̀ náà ń rí mi lára títí di òní.

O mọ Ànísà ọmọ mi, o sì mọ̀ pé láti kékeré ni kò ti lè fi ẹsẹ̀ rìn. Lẹ́yìn tó ti wá iṣẹ́ káàkiri, ilé òògùn kan ní Zone 4 gbà á síbi tí wọ́n ti ń gbowó ọjà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn máa kọ́kọ́ dán an wò títí ọdún yóò fi parí. Ọ̀gá ibẹ̀ sọ fún un pé àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò kan òun, aago ni òun ń wò. Ọmọ náà sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi náà sunkún díẹ̀, má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ní kí jórinjórin tún ọkọ̀ akẹ́rù kékeré mi ṣe. Ó yọ ìjókòó ẹ̀yìn, ó de àtẹ irin kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé bí a bá tẹ bọ́tìnnì, yóò gbé Ànísà àti àga rẹ̀ sókè wọ inú ọkọ̀. Iṣẹ́ náà dára. Àmọ́ àtẹ yìí ń jẹ iná púpọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi iná sínú bátìrì, tí a ń pè ní alternateur níbí, kò sì ká a, nítorí wọn ò ṣe é fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. A ní láti pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó lágbára jù ú lọ, tó sì ṣeé fọkàn tán.

O ti gbé níbí rí, o mọ àṣà wa. Bí ọmọ ìlú bá ń ta nǹkan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ń lọ, a kì í sì í dán ọjà rẹ̀ wò lójú rẹ̀, torí ó dà bí ẹni pé à ń pè é lólè. Àdúrà la máa ń ṣe sí ọjà náà, a ó sì gbé e lọ. Mo lọ bá Mùíz ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Abobo Gare, mo sì ṣàlàyé fún un ẹni tí àtẹ náà ń gbé. Ó yọ ọ̀kan jáde nínú páálí, ó ń dán yinrinyinrin. Ó ní, "Tonton, tuntun ni, kì í ṣe àlòkù, kì í ṣe France-au-revoir tí wọ́n lò tì lókè òkun. Y'a fohi, kò sí wàhálà." Ó tẹ́wọ́, ó ṣe àdúrà gígùn, ó dárúkọ Ànísà níbẹ̀, mo sì ṣàmín tọkàntọkàn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná wà lórí tábìlì níwájú wa, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan. A dé iwájú ilé òògùn láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, òjò ń rọ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì, àtẹ náà sọ̀ kalẹ̀ dé agbedeméjì, ó sì dúró. Ọkọ̀ kú. Ànísà so rọ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ funfun rẹ̀, òjò ń pa á, àwọn èèyàn ń wò ó, àwọn aláìnítìjú kan sì ń fi fóònù yà á. Àwọn ọkùnrin kan fẹ́ gbé e, ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan òun. Kí a tó rí bátìrì yá, aago ti lọ, ọ̀gá rẹ̀ sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Mo tú nǹkan náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo fi àkísà tó ní epo nù ún, ọ̀dà fàdákà sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìpata ló wà lábẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ ti jó dúdú, ó ń rùn bí irun tó jóná. Àlòkù tó ti kú ló kùn lọ́dà fún mi. Sìrájù, mo fọ ọwọ́ mi, mo tún un fọ̀, síbẹ̀ mi ò lè fi í jẹun. Kì í ṣe ọ̀dà ló kó mi nírìíra, àdúrà yẹn ni. Ọmọkùnrin náà mọ ohun tó wà nínú páálí, ó sì tún tẹ́wọ́ sí Ọlọ́run lé e lórí, ó ń pe orúkọ ọmọ mi. Wọ́n ti purọ́ fún mi rí, mo gbé e mì. Èyí kò ṣeé gbé mì.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Mùíz ò tilẹ̀ ta pútú. Ó ní ọjà òun ò ní àbùkù, ọkọ̀ tí mo tún ṣe ló bà á jẹ́, pé ta ló ní kí n lọ de irin mọ́ ọkọ̀ tó jáde láti ilé iṣẹ́ láìlábàwọ́n. Àwọn àgbà ń mi orí. Mo ní ó dáa, kí ó gbé òmíràn wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ká wọn iná rẹ̀ lójú gbogbo wa. Àlàájì Àrífù, olórí ẹgbẹ́, ní rárá, ojú yóò ti ọmọ náà, kí n fi ṣe ti Ọlọ́run. Ànísà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Wọ́n ní ojú máa tì í. Èmi tí mo so rọ̀ sójú òjò ńkọ́?" Àwọn àgbà ní ká ṣe àdúrà ìparí. Mi ò ṣàmín.

Lọ́jọ́ kejì, àwa méjèèjì lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Marie-Laure, tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ nítòsí ilé òògùn náà. Kò bá wa tan, kò mọ ibi tí Ìgbòho wà. Kó tó gbé ohunkóhun jáde ló ti ń béèrè bí àtẹ náà ṣe wúwo tó, iye iná tó ń jẹ, àti bóyá inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ la máa ń wà. Ó ní èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sáré nìkan ló ń lágbára kò lè wúlò fún wa, èyí tó ń mú iná wá dáadáa nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan la nílò. Nígbà tí wọ́n fi í sínú ọkọ̀ tán, ó tan gbogbo iná, ó ní kí Ànísà gòkè, kó sọ̀, kó tún gòkè, òun sì ń wo ẹ̀rọ tó ń wọn iná. Láti ìgbà náà, Ànísà kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ mọ́.

Ó yẹ kí ìwé mi parí síbí. Ṣùgbọ́n níparí oṣù tó kọjá, Kàdíjátù yọ̀ ṣubú nílé rẹ̀ níbí, itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Má fòyà, wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ilé ìwòsàn ní kó máa lọ sílé, kò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì sí takisí tó lè gbé e pẹ̀lú àga oníkẹ̀kẹ́ tó jókòó sí. Mùíz fúnra rẹ̀ ló pè mí. "Tonton, ẹ dákun, ọkọ̀ yín." Ó ṣe mí bíi kí n pa fóònù náà. Ànísà ló ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ, Bàbá. Màmá kọ́ ló tà á fún wa."

A ti ìyá náà sórí àtẹ, Mùíz dúró tì í, ó di apá rẹ̀ mú. Mo ti fẹ́ tẹ bọ́tìnnì nígbà tó dá mi dúró. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo mí, ó ní, "Tonton, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti dán an wò? Ṣé kò ní dúró lágbedeméjì?" Ànísà tó wà níjòókòó iwájú yíjú padà, ó sì rọra dá a lóhùn: "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Mùíz. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín la ti rà á."

Kí Ọlọ́run wo Kàdíjátù sàn. Kí ó pa wá mọ́ fún àwọn ọmọ wa, kí ó sì má jẹ́ kí àwọn ọmọ wa dójú tì wá. Kí ojú wa tún rí ara wa láìpẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé kéwú,
Màmúdù.

Mo tún rántí: Kàdíjátù ní kí n má sọ fún ọ pé òun ṣubú, kí o má baà dààmú. Pè é, ṣùgbọ́n ṣe bí ẹni pé o kàn fẹ́ kí i ni.